Ìlà Mẹ́ta àti Wákàtí Kan

Àtìní, 24 Èrèlé

Mateen gbé láàpútọ́pù rẹ̀ wá bá mi ní yàrá bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ilé-ìwé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mu omi. Àbúrò mi yìí, bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìndíkétọ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó ti ń kọ láti oṣù Ọ̀pẹ, ti parí. Lójoojúmọ́ ni yóò máa fa ìlà mẹ́ta sórí iye owó góòlù: ìlà àárín, ìlà òkè, ìlà ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń rà tó ń tà lórí fóònù yóò fi mọ ibi tó yẹ kó ti wọlé rà, bí owó bá balẹ̀ dé ìlà ìsàlẹ̀, àti ibi tó yẹ kó ti sá jáde.

Ọ̀gá Olúyẹmí tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní òwò yìí ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣàngó, níbí ní Ìlọrin, ti ní òun máa gbà á fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òun, òun á sì fún Mateen ní àga àti tábìlì ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú owó oṣù. Àmọ́ ó ní kí ẹni tó mọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò ná, kó sì fọwọ́ sí i.

Mateen ní, "Àǹtí mi, orúkọ yín ni mo dá."

Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí kò ríṣẹ́. Mo ní mo gbọ́. Bó ṣe jáde báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí mo bá rí àléébù ńkọ́? Bí àléébù bá wà tí mi ò rí i ńkọ́?

Àlàrùba, 26 Èrèlé

Ooru fẹ́ pa èèyàn. Iná wá fún wákàtí kan, ó tún lọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú ibi tí owó góòlù ga dé lánàá, ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé, àti ibi tó parí sí. Mo rò wọ́n pọ̀, mo pín in sí mẹ́ta. Dọ́là 2930, 2900, 2918: ó di 8748, ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 2916. Ìlà àárín nìyẹn. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mo yọ ìsàlẹ̀ kúrò, ìlà òkè nìyẹn. Mo tún yọ òkè kúrò lára ìlọ́po méjì náà, ìlà ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni. Bíírò àti ìwé ni mo fi ń ṣe é. Tí ẹ̀rọ bá ń yẹ ẹ̀rọ wò, olè méjì ló ń jẹ́rìí ara wọn.

Ogún ọjọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, gbogbo ọjọ́ ọjà nínú oṣù Èrèlé. Ọjà góòlù máa ń sinmi wákàtí kan lóru, ó ń tì ní aago mọ́kànlá, ó ń ṣí ní méjìlá gééré. Ìdí nìyẹn tí Mateen fi kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé méjìlá òru ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ó bá ojú mu.

Sátidé, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Dàbínù tí a rà ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́dún tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún méjì, kò sì dùn tó tèṣí.

Ìlà àárín Mateen ń fi díẹ̀ dín sí tèmi. Kì í ṣe púpọ̀, àmọ́ dídín ni lójoojúmọ́, kì í lé rí. Àṣìṣe tó bá ń kọrí síbì kan náà nígbà gbogbo, ó nídìí. Mo wá inú kóòdù tó fi kọ ọ́ títí mo fi rí i: ó ń gé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn dọ́là kúrò lára iye owó kọ̀ọ̀kan kó tó rò wọ́n pọ̀.

Àtàláátà, 4 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún un. Ó wò mí.

"Kọ́bọ̀ náà lẹ ń wò, Àǹtí mi?"

"Kọ́bọ̀ náà ni."

"Ta ló ń fi kọ́bọ̀ ra góòlù?"

"Ọ̀rọ̀ rírà kọ́, ti ìlà ni. Tó o bá ti gé e lẹ́ẹ̀mẹta, tó o tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe kọ́bọ̀ mọ́."

Ó fa imú, ó gbé láàpútọ́pù lọ. Kó tó di Màgàríbì ó ti tún un ṣe. Mo tún ìlà márùn-ún kan wò, wọ́n bá tèmi mu délẹ̀délẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Jímọ̀, 7 Ẹrẹ́nà

Mo fọwọ́ sí i. "Mo yẹ ogún ọjọ́ wò, ọgọ́ta ìlà. Gbogbo wọn péye. Sakinah Abdulraheem, olùkọ́ ìṣirò." Ọ̀gá Olúyẹmí gbé e sórí Wásáàpù kíláàsì rẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àǹtí Bísí, tí a jọ ń kọ́ni nílé-ìwé wa, wà níbẹ̀, ó fi àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Mateen ti lọ wo àga náà. Ó ní ó ń yí.

Ó yẹ kí n sùn dáadáa. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Àtìní, 10 Ẹrẹ́nà

Mo ti ilé-ìwé dé, mo ṣí ìndíkétọ̀ náà wò. Àárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ máa ń tó ọgbọ̀n dọ́là. Lónìí, kò ju mẹ́rin lọ. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ra bí ọmọ ìyá tí òtútù mú. Owó góòlù ti gba orí gbogbo wọn kọjá lọ sísàlẹ̀ láti òwúrọ̀.

Mo pe Mateen. Ó ní bóyá ọjà ò rìn lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Ọjà rìn lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí i. Mo ní kó wá wò ó. Ó ní òun ń to tábìlì òun.

Mi ò lè jẹun ìṣínu. Bàbá ní ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ooru ni.

Àtàláátà, 11 Ẹrẹ́nà

Àǹtí Bísí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní yàrá àwọn olùkọ́.

"Sakinah, mo rà níbi ìlà ìsàlẹ̀ yẹn láàárọ̀ àná o. Ó ń lọ sílẹ̀. Mo ní yóò padà, ṣebí ìlà rèé. Ó tún ń lọ. Kí n tó mọ̀, ìdajì ohun tí mo fi síbẹ̀ ti lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó di ẹnu mi mú.

"Mi ò bínú sí ọ. Kí ni èmi mọ̀ nípa ìlà? Orúkọ rẹ ni mo rí lábẹ́ rẹ̀."

Ì bá sàn kó bú mi. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, mo kọ mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ sójú pátákó, mo kọ mọ́kànlélógún sídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì pa á rẹ́.

Àlàrùba, 12 Ẹrẹ́nà

Mo tún ogún ọjọ́ Èrèlé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó péye. Gbogbo rẹ̀ ló péye. Kí ló wá dé?

Àlàmísì, 13 Ẹrẹ́nà

Mo ti yẹ ọ̀sẹ̀ yìí náà wò. Ti Àtìní burú jáì. Ti Àtàláátà fi dọ́là mẹ́ta yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ni ọjà gbé jáde, ti Àlàrùba fi ẹyọ kan, tòní fi márùn-ún. Ó lé lọ́jọ́ kan, ó dín lọ́jọ́ kejì. Ti kọ́bọ̀ dára jù, ibì kan ló kọrí sí. Èyí ò ní orí, kò ní ìdí.

Mo pe Ọ̀gá Olúyẹmí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Sakinah, tí o ò bá mọ ohun tó ṣe é, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn èèyàn? Pé ẹ̀rù ń bà ọ́? Wá ìdí rẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè. Tó o bá rí i, a máa sọ ọ́."

Mateen gbọ́ pé mo pè é. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ tún ń ba á jẹ́ lẹ́yìn mi." Ó lọ kí n tó dáhùn.

Jímọ̀, 14 Ẹrẹ́nà

Lẹ́yìn ìṣínu mo gbé ìwé mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Bàbá ń tún tírà tó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kéú lọ́la tò. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ò ju "òwò orí fóònù" lọ, ó sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá tẹ́tẹ́ ni. Mo ń kùn sára mi pé, "Ọjọ́ kan, láti méjìlá òru dé méjìlá òru..."

Bàbá gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín pé òru lọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀? Oòrùn ti wọ̀. Sátidé la wà yìí."

"Bàbá, tọjà ni mò ń sọ."

"Ọjà wo? Ọjà ta ni?"

Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń yẹ bí ó ṣe ń rò àti bí ó ṣe ń pín wò. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé ọjọ́ ta la ń kà. Àwọn ará ilé wa gan-an, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà, ti ilé-ìwé àti ti mọ́sálásí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í. Àmọ́ ibo ni mo fẹ́ wá ọjọ́ ọjà sí? Méjìlá òru ló ń ṣí. Mo fojú mi rí i ní Èrèlé.

Sátidé, 15 Ẹrẹ́nà

Mo ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, mo gbé e lọ sílé Àǹtí Bísí ní Ṣàngó láti tún bẹ̀ ẹ́. Mo ti mọ̀ pé yóò ní kí n má bẹ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. A jókòó, à ń wo ara wa. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ayọ̀mídé ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní New York.

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, mo ní, "Ṣebí mẹ́fà ló máa ń pè yín?" Ẹnu lásán ni mo fi bi í, kí ilé má baà dákẹ́.

"Mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Wọ́n ti ti aago wọn síwájú láti Sọ́ńdè tó kọjá. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, kí oòrùn lè pẹ́ kó tó wọ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó!"

Sọ́ńdè tó kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án. Mi ò mọ bí mo ṣe dágbére. Ọ̀kadà ni mo gùn dé ilé wa ní Gàmbàrí, èmi tí mo ti búra pé mi ò gun ọ̀kadà mọ́.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ ọjà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Aago New York ni ọjà góòlù ń tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́wàá alẹ́ ló ń tì lójú aago tiwa, mọ́kànlá ló sì ń ṣí. Ìndíkétọ̀ Mateen ṣì ń dúró de méjìlá. Wákàtí kan lára tòní ń bọ́ sínú tàná lójoojúmọ́. Ti Sọ́ńdè ló burú jù: ọjà ṣí ní mọ́kànlá alẹ́, ìndíkétọ̀ sì ka wákàtí kan yẹn sí odindi ọjọ́. "Àná" tó fi fa ìlà ọjọ́ Ajé fún Àǹtí Bísí, wákàtí kan péré ni.

Mo fi mọ́kànlá dípò méjìlá, mo tún ọjọ́ márùn-ún rò, ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo wọn bá ti ọjà mu. Mo pariwo. Bàbá ní kí ló dé. Mo ní kò sí, Bàbá.

Ayọ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Aago tiwa kì í yí. Ojúmọ́ kan ò mọ́ rí tí ẹnikẹ́ni ní kí a ti aago síwájú ní Ìlọrin, kò sì lè wá sí Mateen lọ́kàn. Àmọ́ èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ogún ọjọ́ tí mo fi ń ṣakọ, inú oṣù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ká ní mo mú ọjọ́ kan péré nínú oṣù Òkúdù, ǹ bá ti rí i.

Àláàdì, 16 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún Mateen lẹ́yìn Àsùbáà. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Kò jiyàn.

"Àǹtí mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa fi tún un ṣe. N ó fi tuntun rọ́pò. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Àwọn tó ti fi ti àtijọ́ sórí fóònù wọn ńkọ́? Ọjà ń ṣí lálẹ́ òní. Wákàtí kan yẹn ni ìndíkétọ̀ àtijọ́ tún máa fi fa ìlà fún wọn lọ́la."

"Ẹ ní kí wọ́n gba tuntun. Ẹ má sọ ìdí ẹ̀."

"Àǹtí Bísí ńkọ́?"

Ó bo ojú. "Ọdún mẹ́ta, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta."

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí màmá wa ń ṣàìsàn. Mo mọ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ẹkún bá fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Mo pe Ọ̀gá Olúyẹmí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti pa fóònù, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Mo dúró dìgbà tí a kírun Alásàrí tán. Nígbà náà ni mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù fúnra mi:

"Èmi Sakinah Abdulraheem ni mo fọwọ́ sí ìndíkétọ̀ yìí lọ́jọ́ keje. Mo ṣì í. Oṣù kan ṣoṣo ni mo yẹ̀ wò. Aago New York ti yí, ìlà rẹ̀ ò sì tọ̀nà mọ́ láti ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ má lò ó lọ́la. Ẹ forí jì mí."

Mi ò dárúkọ Mateen. Ta ni kò mọ̀?

Àtìní, 17 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá Olúyẹmí pè mí ní ìsinmi ọ̀sán. "O ò lè dúró kí n tan fóònù? O dójú tì mí lójú àwọn èèyàn mi." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Mateen pé kó má wulẹ̀ wá.

Ó ní kí n sọ fún un. Èmi.

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ti kọ "ẹ ṣeun" sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ẹnìkan kọ "olè". Ti olè yẹn ni mò ń kà ṣáá.

Àlàrùba, 19 Ẹrẹ́nà

Yìnyín kékeré ti di igba náírà. Mateen ń kí mi láàárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń kí mi, kì í ṣe àbúrò mi.

Sátidé, 22 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, ilẹ̀ rùn dáadáa. Mọ́sálásí ni Mateen ti ń ṣínu láti ọ̀sẹ̀ yìí. Bàbá béèrè ohun tí a ṣe fún ara wa. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀rí lo jẹ́. Àlùkùránì ò yọ ọmọ ìyá sílẹ̀ nínú ẹ̀rí, kò tilẹ̀ yọ èmi bàbá sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Má dúpẹ́. Mi ò ní kò dùn ún. Lọ bá a."

Mo lọ. Ó ti ti ilẹ̀kùn. Mo dúró, mo gbọ́ tó ń tẹ láàpútọ́pù, mo padà.

Àtàláátà, 25 Ẹrẹ́nà

Àǹtí Bísí ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo kìlọ̀. Ó ní ohun tó ṣẹ́kù ṣì wà níbẹ̀. Ó bù fún mi nínú ẹ̀kọ mímu tó gbé wá, ó wá rántí pé mò ń gbààwẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 27 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá Olúyẹmí tún pè. Mo rò pé èébú ló kù.

"Sakinah, mo ti rò ó. Àwọn tó ń kọ ìndíkétọ̀ pọ̀ ní Ìlọrin yìí. Mi ò rí ẹyọ ẹnìkan tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì lè sọ pé òun ṣì í. Wá máa bá mi ṣiṣẹ́. Àga tí mo fẹ́ fún àbúrò rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Owó tó dárúkọ ju ìlọ́po méjì owó oṣù mi nílé-ìwé lọ. Mo ní kó fún mi láyè dìgbà tí a bá ṣọdún tán.

Kí n má purọ́ fún ìwé mi: mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé ojú ń tì mí. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi, wọ́n sì fẹ́ fi í ta mí lọ́rẹ. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Mateen bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó parí láàárín wa nìyẹn.

Àláàdì, 30 Ẹrẹ́nà

Ọdún Ìtúnu. A ti Yidì dé, àwọn àlejò ti jẹun, wọ́n ti lọ. Ilé Gàmbàrí wa wá dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Mo bu ìrẹsì, mo ní n ó wá Mateen lọ, n ó sọ fún un kí ọkàn mi tó tún yí padà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé láàpútọ́pù dání, agbádá ọdún ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀gá Olúyẹmí ti sọ fún mi," ló wí.

Mo gbé abọ́ kalẹ̀. "Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo gbé tuntun lọ bá a. Èyí ń wo aago New York fúnra ẹ̀. Ó ní òun ò ní gbà á àfi tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ló bá sọ ìyókù fún mi."

"Mateen, mi ò tíì dá a lóhùn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ ọ́."

"Ẹ gbà á."

Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ti rù nínú ààwẹ̀ yìí.

"Ẹ gbà á, Àǹtí mi. Ẹ má ṣáà ní kí n bá yín yọ̀ lónìí. Mi ò lè yọ̀."

Mo ní mi ò ní kó yọ̀. Omijé ń bọ́ sínú ìrẹsì mi, mi ò sì nù ún.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí láàpútọ́pù náà, ó tì í síwájú mi. "Odindi ọdún kan ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá rí àléébù, ẹ gbé e síta. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Mo nu ọwọ́ mi, mo fa bíírò yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá. Ó ń ka iye owó, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀.